Àṣíborí Aláràbarà: Ìtàn Ọ̀dà Ìfarapamọ́ àti Ogbó Tí A Fọwọ́ Ṣe

Ọ̀pọ̀ òbí nínú ẹgbẹ́ wa ló ti rí i kí ọmọ wọn gé fóòmù, irú èyí tí a fi ń ṣe bàtà sílípáàsì, kí ó fi ooru tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dà bí ìgbàyà àti àṣíborí ológun, kí ó kùn ún ní ọ̀dà tuntun, kí ó sì wá mú sáńpépà, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà náà kúrò títí yóò fi dà bí ohun tí ó ti jẹ ìyà ogun. Òbí a máa béèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ba ohun tuntun jẹ́. Ìbéèrè náà tọ̀nà, ìdáhùn rẹ̀ sì gùn ju bí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Iṣẹ́ méjì ni ọmọ yẹn ń ṣe. Ó ń kun ọ̀dà ìfarapamọ́, èyí tí Òyìnbó ń pè ní kámúfúláàjì, ó sì ń ṣe ogbó fún ohun tí kò gbó. Èkíní ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó dára, ṣùgbọ́n ó lè kó ìdààmú bá ẹnikẹ́ni tó bá ń wádìí ìtàn, nítorí ọwọ́ tó ń ṣe é fún eré náà ló lè ṣe é fún jìbìtì.

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ológun kì í fara pamọ́. Dídán ni iyì rẹ̀. Ọ̀gágun ní láti dá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ mọ̀ láàrin èéfín ìbọn, nítorí náà aṣọ pupa àti idẹ dídán wúlò fún un. Nígbà tí ìbọn tó ń ta jìnnà dé ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ètù rẹ̀ kò sì rú èéfín bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, dídán di ikú.

Ní Íńdíà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ gbọ́n díẹ̀. Ní 1846, Harry Lumsden dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ ní Peshawar, ó sì fi aṣọ aláwọ̀ eruku wọ̀ wọ́n. “Khak” ni eruku ń jẹ́ ní èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni orúkọ kakí tí púpọ̀ nínú wa wọ lọ sí iléèwé ti wá. (Kí á má gbàgbé pé ọdẹ ilẹ̀ wa kò nílò Lumsden láti kọ́ ọ: kò sí ọdẹ gidi kan tí í wọ funfun wọ igbó lọ dẹ ẹtu.)

Faransé ní tiwọn kò tètè gbọ́. Oṣù Kẹjọ 1914 bá àwọn ọmọ ogun wọn nínú ṣòkòtò pupa. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ 22 oṣù náà, nǹkan bí 27,000 nínú wọn ló kú. N kò sọ pé ṣòkòtò ló pa gbogbo wọn. Ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìwàǹwára àwọn ọ̀gágun ló jẹ̀bi jù lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ pupa nínú pápá ìkórè ti bá ọ̀tá rẹ̀ ṣe ìdajì iṣẹ́.

Ayàwòrán kan tó wà nínú àwọn ọmọ ogun aláàgbá wọn, Lucien-Victor Guirand de Scévola, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ tí a kùn ní ọ̀dà bo àgbá mọ́lẹ̀. Ní 1915 ìjọba Faransé dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi í ṣe olórí. Agẹmọ ni wọ́n mú ṣe àmì ẹ̀ka náà. Àwọn ayàwòrán wọ̀nyí mọ ohun kan tí àwọn ológun kò mọ̀: ojú ènìyàn kì í wá àwọ̀, ohun tó ń wá ni ìrísí tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí o bá kun àgbá ní àwọ̀ ewé kan ṣoṣo, àgbá aláwọ̀ ewé náà ni yóò jẹ́. Bí o bá fi àwọ̀ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra já a sí abala-abala, ojú yóò rí abala, kò ní rí odidi. Ọgbọ́n ẹkùn nìyẹn. Àmì ara rẹ̀ kò jọ ewé kankan, síbẹ̀ ó lè dúró nítòsí rẹ kí o má mọ ibi tí ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ti àṣíborí ló kàn wá jù. Nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, awọ ni àṣíborí àwọn ará Jámánì, pẹ̀lú ṣóńṣó lórí. Awọ kò lè dá àfọ́kù irin dúró. Friedrich Schwerd, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Hannover, ló ṣètò èyí tí wọ́n fi irin ṣe, wọ́n sì gbé e dé ojú ogun Verdun ní ìbẹ̀rẹ̀ 1916. Ó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù kan. Àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ ewé ni wọ́n kùn ún ní ilé iṣẹ́. Wọ́n tún rọ ìgbàyà irin fún àwọn tó ń ṣọ́nà nínú kòtò ogun, ó wúwo débi pé ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè sáré.

Ní ọjọ́ 7 Oṣù Keje 1918 ni àṣẹ jáde láti olú ilé iṣẹ́ ológun wọn, Ludendorff ló fọwọ́ sí i, pé kí a kun àwọn àṣíborí ní aláràbarà. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ amọ̀ pupa-rúsúrúsú àti àwọ̀ ìpẹtà ni kí wọ́n lò, kí abala wọn ní igun, kí ìlà dúdú tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ kan là wọ́n láàrin, kí àwọ̀ bá ìgbà ọdún mu, kí ọ̀dà náà má sì dán. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí mọ ohun tí ojú sékúlà máa ń rí. Láti oríkò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn kan tẹ̀ lé àṣẹ náà láìyẹsẹ̀, àwọn kan fi ọ̀dà tó wà nílẹ̀ kun tiwọn bó ti wù wọ́n, àwọn mìíràn kò kùn ún rárá. Nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 11 Oṣù Kọkànlá, ogun ti parí. Oṣù mẹ́rin péré ni àṣẹ náà fi ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn baba tiwa náà. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà bá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ogun Bọ́mà láti 1943, kakí kò ní ìwúlò mọ́ nínú igbó bíi ti àfonífojì Kaladan. Àwọ̀ eruku tó pa Lumsden mọ́ ní Peshawar ni yóò tú ènìyàn fó níbẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ewé dúdú ló gba ipò rẹ̀, púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò jẹ́ kakí tí wọ́n rẹ sínú aró ewé. Kò sí ọ̀dà kan tó ń fi ènìyàn pamọ́ níbi gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí àwọn àṣíborí 1918. Nítorí pé ìgbà kúkúrú ni wọ́n fi kùn wọ́n, àwọn tó ń kó ohun ogun àtijọ́ jọ ń rà wọ́n ní owó ńlá, owó ńlá sì ti pe àwọn oníjìbìtì wá. Ẹni tó ní ojúlówó àṣíborí tí wọn kò kùn rí yóò kùn ún lónìí, yóò ha á, yóò fi omi iyọ̀ mú un dípẹtà, yóò sì tà á bí èyí tó ti ojú ogun bọ̀. Àwa náà mọ irú wọn: àwọn tó ń ri ère idẹ tuntun mọ́lẹ̀ kí àlejò lè rò pé ayé àwọn baba ńlá wa ló ti wá. Ọ̀nà tí olùwádìí fi ń mú wọn ni kí ó wo ohun tó ṣáájú ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ọ̀dà bá wọ inú ojú àpá, àpá ló ṣáájú ọ̀dà. Bí ọ̀dà bá bo ìpẹtà mọ́lẹ̀, ìpẹtà ló dàgbà jù. Síbẹ̀, ìyẹn nìkan kò tó láti dájọ́, nítorí sójà 1918 náà lè kun àṣíborí tó ti ń lò láti 1916, tó ti ní àpá púpọ̀ lára.

Àwọn oníṣẹ́ fíìmù kọ́ ọgbọ́n yìí, wọ́n sì lò ó láìṣe jìbìtì. John Mollo, tó ṣètò aṣọ fún fíìmù Star Wars ti 1977, onímọ̀ nípa ìtàn aṣọ ológun ni tẹ́lẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar fún iṣẹ́ náà. Ìhámọ́ra Boba Fett, tó hàn nínú fíìmù ti 1980, funfun báláú ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Joe Johnston ló kùn ún lọ́wọ́, tó fi àwọ̀ orí àwọ̀ sí i, tó sì fi àpá sí i, títí ẹni tó ń wò ó fi gbà pé ọkùnrin náà ti ja ogun kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Láti 1997 ni ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ 501st Legion ti wà ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ènìyàn lásán ń fọwọ́ ara wọn ṣe irú ìhámọ́ra bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Wọ́n á kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù dí ojú fóòmù náà, wọ́n á kun àwọ̀ fàdákà. Wọ́n á kán oje rọ́bà, tàbí kí wọ́n fi fasilíìnì, sí ibi tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀dà ti ṣí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà aláràbarà tí kì í dán á tẹ̀ lé e. Bó bá gbẹ, wọ́n á ṣí oje náà, fàdákà á yọ bí irin tó wà lábẹ́ ọ̀dà. Wọ́n á fi ọ̀dà dúdú tó ṣàn bí omi pa á, wọ́n á sì tètè nù ún kúrò, kí èyí tó wọ kọ̀rọ̀ lè dúró síbẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń kùnà ni pé wọ́n á da àpá sí gbogbo ara rẹ̀. Ohun tí a lò kì í gbó bẹ́ẹ̀. Etí àṣíborí tí ọwọ́ ń dì mú ló ń kọ́kọ́ hó, àti ibi tí okùn ti ń ha, àti èjìká tí okùn ìbọn ń kọjá. Ẹrẹ̀ a máa ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Kí ọmọ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ń bà, kí ó tó gbé sáńpépà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn òbí mú lọ́kàn-únkúndùn, pàápàá ní irú ìlú tí a ń gbé yìí. Òfin ilẹ̀ wa kò fàyè gba ẹni tí kì í ṣe ológun láti wọ aṣọ ológun. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù yọ eré orí ìtàgé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú títì kì í ṣe orí ìtàgé. Sójà tó wà ní ṣẹ́kípọ́ìǹtì kò ní dúró wò ó bóyá fóòmù ni tàbí irin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo àwọ̀ 1918 tàbí ti inú fíìmù, kí wọ́n jìnnà sí àwọ̀ tí àwọn ọmọ ogun wa ń wọ̀, kí wọ́n sì kó o sínú báàgì Ghana-Must-Go títí wọn yóò fi dé gbọ̀ngán tí wọ́n ti fẹ́ ṣeré.

Kí wọ́n tó lẹ aṣọ sí inú àṣíborí náà, kí ẹni tó ṣe é kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tó ṣe é sí inú lọ́hùn-ún, pẹ̀lú ọ̀dà tí kò ṣeé nù kúrò.