Bí Àfojúbù Ṣe Di Ìṣirò Nídìí Iṣẹ́ Sọ́fítíwíà

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà ni ìṣirò iye àkókò tí iṣẹ́ yóò gbà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1957 sí 1958, ẹ̀ka àkànṣe kan nínú iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, tí William Raborn jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ń ṣe mísáìlì Polaris, èyí tí wọn yóò máa yìn láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọjọ́ tí yóò parí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní PERT jáde. Wọn kì í gba iye ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ́nu òṣìṣẹ́. Mẹ́ta ni wọ́n ń bi í: iye ọjọ́ bí ohun gbogbo bá rọrùn, iye tó sábà máa ń gbà, àti iye rẹ̀ bí nǹkan bá dojú rú. Ká ní ó dáhùn pé 4, 7 àti 16. Wọn a sọ 7, iye tó sábà máa ń gbà, di ìlọ́po mẹ́rin, ó di 28. Wọn a ro 4 àti 16 mọ́ ọn, ó di 48. Wọn a wá fi 6 pín in. Ọjọ́ 8 ló jáde, kì í ṣe 7.

Wọ́n yin Polaris láti abẹ́ omi ní July 20, 1960. Àmọ́ nínú ìwé tí Harvey Sapolsky kọ ní 1972, ó ní PERT kò fi bẹ́ẹ̀ ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fi ń dí àwọn alátojúbọ̀ lójú ni.

Ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ nídìí sọ́fítíwíà. IBM kéde kọ̀ǹpútà System/360 ní April 7, 1964, ṣùgbọ́n OS/360, ètò tí yóò máa darí rẹ̀, pẹ́ kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá. Fred Brooks, tó darí iṣẹ́ náà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1975 pé bí a bá da ènìyàn kún iṣẹ́ tó ti pẹ́, ṣe ni yóò tún pẹ́ sí i. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ni yóò dáwọ́ dúró kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ènìyàn 5 lè bára wọn sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì lọ́nà 10; bí wọ́n bá di 10, ó di ọ̀nà 45.

Ní 1981, onímọ̀ sọ́fítíwíà Barry Boehm ya àwòrán bí àìdánilójú ṣe ń dín kù bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, owó tí a fojú bù sí 100,000 dọ́là lè já sí 25,000, ó sì lè di 400,000. Boehm kò fi pamọ́ pé òye ara òun lòun fi fa àwọn ààlà náà.