Ife Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti Oògùn Heinz: Ìtàn Ìwádìí Lórí Bí Ìrònú Ẹ̀dá Nípa Ìwà Ti Ń Dàgbà

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni mí. Ìmọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kì í ṣe oko mi. Ohun tí ó mú mi yà sí oko olóko ni pé ìtàn ni ọkọ́ tí àwọn tí wọ́n dá oko náà fi dá a. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ti ń ronú nípa ohun tí ó tọ́, wọn a pa ìtàn kúkúrú fún un, wọn a sì béèrè ohun tí ó rí sí i. Níbi tí ìtàn bá sì ti wà, ó yẹ kí àwa náà lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Àwọn baba wa ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó pa òwe yìí ti ṣàkíyèsí pé kì í ṣe pé ìmọ̀ àgbà pọ̀ ju ti ọmọdé lọ nìkan. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà wádìí ọ̀ràn yàtọ̀. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gbé kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí ìdájọ́ ìwà lọ́dọ̀ ọmọdé, tí ó jáde ní 1932. Ó bá àwọn ọmọ Geneva àti Neuchâtel jókòó nídìí eré òkúta róbótó tí wọ́n ń ta nílẹ̀, ó bi wọ́n pé ta ni ó ṣe òfin eré náà, ǹjẹ́ a sì lè yí i padà? Àwọn kéékèèké ní ọ̀dọ̀ àgbà ni òfin ti wá, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn tí wọ́n ti tó ọmọ ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní, bí gbogbo ẹni tí ń ṣeré bá ti fẹnu kò, a lè yí i padà.

Ó tún pa ìtàn ọmọ méjì fún wọn. Wọ́n pe èkínní wá jẹun. Bí ó ti ṣí ilẹ̀kùn, láìmọ̀ pé ife wà lórí àga lẹ́yìn rẹ̀, ife 15 ni ó fọ́. Èkejì fẹ́ jí jáàmù jẹ nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Ife kan ṣoṣo ni ó fọ́. Ta ni ó ṣẹ̀ jù? Àwọn kéékèèké ka iye àfọ́kù. Àwọn tí wọ́n dàgbà díẹ̀ wo ohun tí ó wà lọ́kàn. (Ẹ̀yin tí a ti nà rí nítorí ìkòkò ọbẹ̀ tí ó ṣèèṣì dànù mọ̀ pé kì í ṣe ọmọdé nìkan ni ó ń ka àfọ́kù.)

Ará Amẹ́ríkà kan, Lawrence Kohlberg, tí a bí ní 1927, ni ó bá iṣẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ àgbà. Kí ó tó wọ yunifásítì, ó ti ṣe atukọ̀ rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tí ń kó àwọn Júù tí ogun ti sọ di aláìnílé lọ sí Palẹstínì, bẹ́ẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ka ìyẹn léèwọ̀. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, a sì fi wọ́n sí àhámọ́ ní Kípírọ́sì. Ẹni tí ó ti rú òfin nítorí ẹ̀mí ènìyàn kò lè ka ọ̀rọ̀ yìí sí àròsọ inú ìwé.

Nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó parí ní Chicago ní 1958, ó pa ìtàn Heinz, pẹ̀lú àwọn irú rẹ̀ mìíràn, fún ọmọkùnrin 72, àwọn ọmọ ọdún 10, 13 àti 16. Jẹjẹrẹ fẹ́ pa ìyàwó Heinz. Oògùn kan ni ó lè gbà á là, ọwọ́ apòògùn kan ni ó sì wà; ohun tí ó ná an ní dọ́là 200, ó ń tà á ní dọ́là 2,000. Heinz yá owó kiri, kò rí ju dọ́là 1,000 lọ. Apòògùn kò dín in, kò sì gbà á láwìn. Heinz já ilé ìtajà náà, ó jí i. Ṣé ó yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò jẹ́ nǹkan kan lójú Kohlberg. Ìdí tí ènìyàn fi sọ ọ́ ni ó ń wá. Ó là á sí ipele 6. Nísàlẹ̀, ìbẹ̀rù ìyà ni ènìyàn fi ń ronú, lẹ́yìn náà èrè ara rẹ̀. Láàárín, ó ń wá orúkọ rere lójú àwọn ẹni rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń dáàbò bo òfin àti ètò ìlú. Lókè, ó ń bi òfin fúnra rẹ̀ léèrè ẹ̀tọ́ tí ó fi jẹ́ òfin. Fún ọdún 20 ni ó ń padà lọ bá púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, títí wọ́n fi di baálé ilé. Àbájáde tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ní 1983 fi hàn pé ìrònú wọn ń gòkè ní ipele-ipele, kì í fò, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ wọn kò kọjá àárín. Ipele kẹfà kò tilẹ̀ hàn lọ́dọ̀ wọn, a sì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìgbéléwọ̀n. Ọjọ́ orí kò dá gbé ènìyàn dé òkè.

Ní 1982, Carol Gilligan, tí òun náà ń kọ́ni ní Harvard bíi Kohlberg, béèrè ohun tí ó yẹ kí a ti béèrè tipẹ́: àwọn obìnrin ńkọ́? Ó fi ìdáhùn ọmọ ọdún 11 méjì hàn wá. Jake, ọkùnrin, ní kí Heinz jí i, nítorí ẹ̀mí ju owó lọ. Amy, obìnrin, ní kò yẹ kí ó jalè, kò sì yẹ kí ìyàwó kú: bí wọ́n bá ti ọkọ mọ́lé, ta ni yóò tọ́jú aláìsàn? Kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀, kí wọ́n wá owó náà lọ́nà mìíràn. Ìgbéléwọ̀n gbé Amy sí abẹ́ Jake. Lóòótọ́, nígbà tí Lawrence Walker kó ìwádìí jọ ní 1984, ó rí i pé ìyàtọ̀ ọkùnrin sí obìnrin lórí ìgbéléwọ̀n náà kò tó nǹkan. Nítorí náà n kò gba ọ̀rọ̀ Gilligan lódindi. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń fi ìtàn ṣiṣẹ́ jẹun, Amy ni mo gbè lẹ́yìn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó kọ̀ kí apìtàn ti ilẹ̀kùn mọ́ òun.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Ní 1985, John Snarey kó ìwádìí 45 jọ láti ilẹ̀ 27. Ipele ìsàlẹ̀ àti ti àárín wà níbi gbogbo. Ti òkè, ìlú ńlá ni a ti rí i jù, a kò rí i ní àwọn abúlé. Ṣé kí a wá gbà pé baálé tí ó ti ń parí ìjà láti ọdún 40 sẹ́yìn kò lè ronú tó akẹ́kọ̀ọ́ Chicago? Snarey fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ìdáhùn kan wà, tí wọ́n dá lórí ire àpapọ̀, tí ìwé ìgbéléwọ̀n kò ní àyè fún. Ẹ gbé ẹjọ́ Heinz lọ sí agbo ilé èyíkéyìí nílẹ̀ wa. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ olè, wọn a ti béèrè pé: àwọn ẹbí ìyàwó dà? Ta ni ó bá a lọ bẹ apòògùn? Ta ni apòògùn ń bẹ̀rù? Ìtàn tí ọkùnrin kan dá dúró nínú rẹ̀, láìní ará, láìní ìyekan, kò dùn létí wọn; wọn a kọ́kọ́ tún un ṣe.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí a fi èyí yin ara wa. Ìtàn ẹnu sọ pé ìgbà kan wà tí a ń pa ìbejì nílẹ̀ yìí, kí wọ́n tó di ẹni à ń kẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ní kí a dáwọ́ dúró kò lè fi àṣà ti ara rẹ̀ lẹ́yìn. Kò lè fi ire àpapọ̀ sọ ọ́, nítorí àpapọ̀ ni ó fẹ́ pa wọ́n. Ibo ni ó ti rí ọ̀rọ̀ sọ? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Kohlberg ń wá kiri pẹ̀lú ipele kẹfà rẹ̀, a kò sì lè sọ pé kò sí irú rẹ̀ láàárín wa rí, nítorí ìbejì ń bẹ láàyè.

Kohlberg kú ní 1987. Kí ó tó kú, ó ti gbé ìtàn Heinz sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Láti 1974 ni ó ti ń bá ilé ìwé kan ṣiṣẹ́ ní Cambridge, ní Massachusetts, tí a ń pè ní Cluster School, níbi tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti jọ ń ṣòfin, tí ìbò kálukú sì jẹ́ ọ̀kan. Nígbà kan, a jí dọ́là 9 nínú àpò ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ pẹ́. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé, bí owó náà kò bá padà wá, kí gbogbo wọn dá a fún un, kálukú sẹ́ǹtì 15.