Ìṣẹ́ Ọmọdé Nínú Fọ́tò: Ohun Tí Kámẹ́rà Lè Fi Hàn Wá ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Lọ́dún 2022, àjọ NBS tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba àpapọ̀ ní mílíọ̀nù 133 èèyàn ló wà nínú ìṣẹ́ ní Nàìjíríà. Kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n wò o. Wọ́n wo oúnjẹ, omi, ilé ẹ̀kọ́ àti ìlera. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀, ti Oǹdó ló kéré jù: èèyàn 27 nínú 100. Ti Sókótó jẹ́ 91.

Ó dùn létí, àbí? Àmọ́ iye kan ṣoṣo fún odindi ìpínlẹ̀ kò lè sọ bí ọmọ ìgboro Ọ̀wọ̀ ṣe ń gbé yàtọ̀ sí ọmọ inú abà lápá Ìfọ́n tàbí Ìdóàní. Ibẹ̀ ni fọ́tò ti wúlò.

Àwọn tó ti ṣe é rí

Jacob Riis, akọ̀ròyìn ní New York, gbé ìwé How the Other Half Lives jáde lọ́dún 1890, kí olówó lè rí yàrá tí tálákà ń há ara wọn mọ́. Láti 1908, Lewis Hine ń ya àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú àti ibi ìwakùsà èédú, ó sì ń kọ ọjọ́ orí wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó ti òfin tó ta ko iṣẹ́ ọmọdé lẹ́yìn ní Amẹ́ríkà.

Nílé ńbí, Akintunde Akinleye ya ọkùnrin kan tó ń bomi ṣan èéfín kúrò lójú lẹ́yìn tí ọ̀pá epo gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá, l'Ékòó, ní December 2006. Àwòrán yẹn gba ẹ̀bùn World Press Photo lọ́dún 2007.

Báwo la ṣe lè ṣe é?

James Mollison fọ̀nà kan hàn nínú Where Children Sleep (2010): àwòrán ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ibi tó ń sùn. Kò sí ẹkún, kò sí ìwàásù. Ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ẹ lè fi kíláàsì méjì síra wọn, tàbí ibi tí ọmọ méjì ti ń pọnmi. Ọ̀wọ̀ ṣáà nìlú Adékúnlé Ajásin, ọ̀kan lára àwọn tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún 1955. Ẹ wo ohun tó kù níbẹ̀ lónìí.

Ẹ má dójú ti ọmọ

Òfin ààbò dátà ti 2023 ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lo dátà ọmọdé. Ẹ bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ tàbí àdúgbò rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó fún ọmọ ní búrẹ́dì, tó wá gbé ojú ẹkún rẹ̀ sórí Instagram, ti gba ohun tó ju búrẹ́dì lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn á dàgbà, fọ́tò yẹn á ṣì wà níbẹ̀.