Húùkù (gọ́ọ̀fù)

Húùkù jẹ́ irúfẹ́ ìgbá kan nínú eré ìdárayá gọ́ọ̀fù, nínú èyí tí bọ́ọ̀lù máa ń tẹ̀ lójú òfurufú lọ sí apá òsì ẹni tó gbá a, bí ẹni náà bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Fún ọlọ́wọ́ òsì, apá ọ̀tún ni ó máa ń tẹ̀ sí. Òdìkejì rẹ̀ ni súláìsì. Bí bọ́ọ̀lù bá tẹ̀ díẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé agbágọ́ọ̀fù mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, dírọ́ọ̀ ni à ń pè é, a kì í sì kà á sí àṣìṣe. Ọ̀pá dráífà ni húùkù ti máa ń ná ènìyàn lówó jù lọ. Nínú àpèjúwe tó wà nísàlẹ̀ yìí, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni a ní lọ́kàn.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Ohun méjì ló ń pinnu ìrìn bọ́ọ̀lù nígbà tí ọ̀pá bá kàn án. Èkíní ni ibi tí ojú ọ̀pá kọ sí. Èkejì ni ipa ọ̀nà tí orí ọ̀pá ń tọ̀. Ibi tí ojú ọ̀pá kọ sí ni bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ máa ń gbà lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú ọ̀pá àti ipa ọ̀nà ló sì ń mú kí ó tẹ̀. Bí ojú ọ̀pá bá yí sí òsì ju ipa ọ̀nà lọ, bọ́ọ̀lù yóò tẹ̀ sí òsì. Bí ìyàtọ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni húùkù yóò ṣe le tó.

Dráífà ni ó gùn jù nínú àwọn ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Òfin gọ́ọ̀fù kò gbà kí ó gùn ju ínṣì 48 lọ, bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ tóbi ju sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta 460 lọ. Ojú rẹ̀ kò dagun sẹ́yìn púpọ̀ bíi ti àwọn ọ̀pá mìíràn. Nítorí náà, ìyàtọ̀ kékeré láàárín ojú àti ipa ọ̀nà a máa tẹ bọ́ọ̀lù púpọ̀. Bọ́ọ̀lù húùkù tún máa ń fò nílẹ̀ nílẹ̀, a sì máa yí lọ jìnnà lẹ́yìn tó bá balẹ̀.

Ohun tó ń fà á

* Ìdìmú: ọwọ́ òsì yí sí ọ̀tún jù lórí ọ̀pá, ọwọ́ ọ̀tún sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀.
* Ìdúró: ẹsẹ̀ àti èjìká kọjú sí ọ̀tún jù, tàbí kí bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn jù, nítòsí ẹsẹ̀ ọ̀tún.
* Ìfì ọ̀pá: ìbàdí àti àyà dúró láìyí mọ́, ọwọ́ nìkan wá ń yí ojú ọ̀pá dé.
* Ibi tí bọ́ọ̀lù ti kan ọ̀pá: bí ó bá kan apá ìparí orí dráífà tó jìnnà sí agbágọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀lù a máa pòyì sí òsì.

Àtúnṣe

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n kọjú sí ọ̀tún, kí bọ́ọ̀lù lè ráyè tẹ̀. Èyí a máa dá kún húùkù. Bí àpẹẹrẹ, bí ipa ọ̀nà bá lọ sí ọ̀tún ní dígírì 6, tí ojú ọ̀pá sì kọ sí ọ̀tún ní dígírì 1, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 5. Bí agbágọ́ọ̀fù bá tún ti ipa ọ̀nà lọ sí dígírì 9, tí ojú ọ̀pá kò sì yí padà, ìyàtọ̀ náà di 8. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá: ojú ọ̀pá ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe.

1. Kí a yí ọwọ́ òsì díẹ̀ sí òsì lórí ọ̀pá, títí tí a ó fi rí oríkèé ìka méjì péré bí a bá wo ọwọ́ náà láti òkè.
2. Kí a gbé bọ́ọ̀lù sí ọ̀kánkán gìgísẹ̀ òsì, kí ẹsẹ̀ àti èjìká sì wà ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí à ń gbá a lọ.
3. Kí ìbàdí àti àyà máa yí lọ títí tí ìfì yóò fi parí.
4. Kí a gbé páálí òfìfo sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ní ẹ̀gbẹ́ tó súnmọ́ wa. Bí ọ̀pá bá gbá páálí, ipa ọ̀nà ṣì ń lọ sí ọ̀tún jù.
5. Kí a bu àtíkè díẹ̀ sí ojú dráífà láti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń kàn án.

Ìdìmú kò nílò pápá. Ẹni tó ń gbé ní Àgbòjù tàbí Fẹ́sítáàkì lè ṣe é nínú yàrá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó sábà máa ń ṣe ọwọ́ bí àjèjì ní ìbẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì lè máa lọ sí ọ̀tún fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe àmì pé àtúnṣe náà kùnà.

Ben Hogan

Ben Hogan, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1912, ni a mọ̀ jù lọ pẹ̀lú ìṣòro yìí. Húùkù dà á láàmú púpọ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe. Kò dá gba ìdíje ńlá kankan lórí ipele àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ títí di ọdún 1940. Lára ohun tó fi ṣẹ́gun rẹ̀ ni pé ó yí ọwọ́ òsì rẹ̀ sí òsì lórí ọ̀pá. Ní ọdún 1953, ó gba Masters, U.S. Open àti Open Championship.

Ní Nàìjíríà

Lára àwọn ibi tí a ti ń gbá gọ́ọ̀fù ní ìpínlẹ̀ Èkó ni Ikoyi Club 1938 àti Ikeja Golf Club. Ìgbà ọdún ní ipa lórí ìpalára húùkù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ a máa gan, bọ́ọ̀lù tó ń fò nílẹ̀ a sì yí wọ inú igbó. Ní ìgbà òjò, ilẹ̀ tútù a máa tètè dá a dúró.

Bí bọ́ọ̀lù bá jáde kúrò ní ààlà pápá, tàbí tí a kò rí i láàárín ìṣẹ́jú 3, agbágọ́ọ̀fù yóò padà síbi tó ti gbá a pẹ̀lú ìtanràn ìgbá kan. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbá àkọ́kọ́ ni ó sọnù, ìgbá kẹta ni èyí tó kàn.