Ìdá Mẹ́wàá àti Ohun Tó Ń Ṣẹ́kù

Ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1973 ni náírà rọ́pò pọ́ùn ní Nàìjíríà. Pọ́ùn 1 di náírà 2, ṣílè 1 di kọ́bọ̀ 10. Sísì di kọ́bọ̀ 5; tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ 2 àti ààbọ̀, ààbọ̀ kọ́bọ̀ sì wà nínú owó tuntun náà. Kọ́bọ̀ àtijọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Méjìlá rẹ̀ ló wà nínú ṣílè, nítorí náà ọ̀kan rẹ̀ di ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà kọ́bọ̀ tuntun, kò sì sí owó tí a lè fi san iye bẹ́ẹ̀. Ká ní ìyá alákàrà kan ní ọjà Kúta, lágbègbè Ìwó, sọ àkàrà kọ́bọ̀ àtijọ́ kan di kọ́bọ̀ tuntun kan. Ẹni tó ti ń ra méjìlá ní ṣílè kan yóò wá san kọ́bọ̀ 12. Kọ́bọ̀ 2 ti lé. Ìyá náà kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Òǹkà méjì ni kò bára mu, orúkọ kan náà tí owó méjèèjì sì ń jẹ́ kò jẹ́ kí ojú tètè rí i.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn kọ̀ǹpútà. Àwa Yorùbá ń kà ní ogún-ogún, ìdá mẹ́wàá ogún sì jẹ́ méjì géérégé. Méjì-méjì ni kọ̀ǹpútà ń kà. Bí ó bá fẹ́ kọ ìdá mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, kò lè parí láéláé, bí àwa náà kò ti lè parí 0.333 tí a bá ń kọ ìdá mẹ́ta. Ó di dandan kí ó gé e. Nínú èdè C, tí a máa ń tú sí èdè ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2 lè rí 0.30000000000000004. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé iṣẹ́ kan náà, tí a tú ní ọ̀nà méjì, lè mú èsì méjì wá: ẹ̀rọ mìíràn a máa fún iye láàyè púpọ̀ lásìkò ìṣirò, a sì tún gé e nígbà tó bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Ìlànà tí ẹgbẹ́ IEEE gbé jáde ní 1985, èyí tí William Kahan ṣe gudugudu méje lórí rẹ̀, sọ bí a ó ti máa gé e. Kò fòpin sí gígé.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Èrèlé, 1991, ní Dhahran ní Saudi Arabia, ẹ̀rọ Patriot tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń dènà ohun ìjà ojú ọ̀run ti ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 100 láìsinmi. Ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń ka àkókò. Ohun tó ń gé kúrò lára ìdá náà kéré jọjọ, ṣùgbọ́n ó ti kó jọ di nǹkan bí 0.34 ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí ohun ìjà tí Ìráàkì yìn dé, ibi tí kò sí ni ẹ̀rọ náà ń wá a sí. Ọmọ ogun 28 ló kú.