Pàǹtírí Oko Kì Í Ṣe Iná Ọ̀fẹ́

Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Clonsilla àti àdúgbò rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Dublin, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu bí a bá pàdé níbi ìkómọ tàbí lẹ́yìn ìsìn: pé àwọn Òyìnbó kì í da nǹkan nù, pé gbogbo ìdọ̀tí oko wọn ni wọ́n ń sọ di iná, àti pé bí Nàìjíríà bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí èèpo ẹ̀gẹ́ àti pòròpórò àgbàdo tó ń jẹrà káàkiri, wàhálà iná á tán. Ìfẹ́ ilé ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, òkùnkùn ilé sì ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe wà nínú apá méjèèjì ọ̀rọ̀ náà, ó sì jẹ́ irú àṣìṣe tó lè gba owó ńlá lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí a wà bẹ̀rẹ̀. Gáàsì abẹ́ ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná tí à ń tàn ní Clonsilla. Afẹ́fẹ́ nìkan ń pèsè nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lóòótọ́, àjẹkù oúnjẹ tí à ń dà sínú bíìnì búráùn lè di gáàsì. Ní Huntstown, lẹ́bàá Finglas, tí kò jìnnà sí wa, ibùdó kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí ilé ìdáná nìyẹn. Ti oko yàtọ̀ pátápátá. Láti ọdún 2021 ni ìjọba Ayálándì ti ń sanwó fún àgbẹ̀ tó bá gé pòròpórò ọkà rẹ̀ wẹ́wẹ́, tó sì rò ó mọ́ ilẹ̀ padà. Owó náà lè tó Yúrò 250 lórí hẹ́kítà kan. Ìjọba tí à ń fi ṣe àpẹẹrẹ ló ń sanwó báyìí kí pòròpórò má baà kúrò lóko, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ọkà sí lọ́dọọdún máa ń ṣá bí kò bá rí nǹkan jẹ padà. Nígbà tí wọ́n sì gbé ètò gáàsì oko jáde ní 2024, pé kó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gáàsì tí ìlú ń lò nígbà tó bá fi máa di 2030, ìgbẹ́ màlúù àti koríko ni wọ́n gbójú lé jù. Koríko tí àgbẹ̀ dìídì gbìn, tó gé, tó sì tọ́jú pamọ́, kò ṣeé pè ní ìdọ̀tí.

Nílé ńkọ́? Ta ló sọ pé èèpo ẹ̀gẹ́ kò ní olówó? Ewúrẹ́ àti àgùntàn ń jẹ ẹ́. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ àjọ ILRI, tó ń ṣèwádìí nípa ẹran ọ̀sìn, fi hàn pé a lè lọ̀ ọ́, ká tẹ omi rẹ̀, ká sì sá a di oúnjẹ ẹran tó dára. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ gbígbẹ.

Mẹ́ta tó di ọ̀kan yẹn gan-an ni kókó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fò. Nínú kílò mẹ́wàá èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, omi kó nǹkan bí méje. Bí a bá jù ú síná, omi yẹn ni iná á kọ́kọ́ máa bá jà. Bí a bá fi ọkọ̀ kó o láti oko lọ sí ilé-iṣẹ́ ní ìgboro, omi ni dísù wa ń gbé lọ. Iye tọ́ọ̀nù pàǹtírí tí ìwé ìròyìn ń kà fún wa kò sọ ohunkóhun nípa èyí.

Ẹ wo Ivory Coast. Ilé-iṣẹ́ iná tí Biovéa dáwọ́ lé nítòsí Aboisso fẹ́ máa fi imọ̀ ọ̀pẹ pèsè mẹgawáàtì 46. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì fẹ́ kó yọrí. Ṣùgbọ́n imọ̀ tó máa jẹ lọ́dún tó nǹkan bí 400,000 tọ́ọ̀nù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti oko àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, tí a ní láti máa kó lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná tó ń wá sórí wáyà Nàìjíríà lápapọ̀ sábà máa ń wà láàárín mẹgawáàtì 4,000 sí 5,000. Gbogbo làálàá yẹn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ Husk Power tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní Bihar, ní Íńdíà, èèpo ìrẹsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná fún àwọn abúlé. Nígbà tí wọ́n wá sí ìpínlẹ̀ Nasarawa ní 2021, iná oòrùn ni wọ́n gbé wá, bẹ́ẹ̀ èèpo ìrẹsì kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Èèpo ìrẹsì ní eérú púpọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, ọ̀dà inú èéfín rẹ̀ sì máa ń dí ẹ̀rọ. Owó pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ń já wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Àṣìṣe mìíràn so mọ́ ọ̀rọ̀ pàǹtírí yìí. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí ìlànà epo ọ̀gbìn tí Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 bí ẹni pé pàǹtírí ni ó dá lé. Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ àti ìrèké ni ìlànà yẹn fẹ́ fi ṣe ẹtánọ́ọ̀lù. Oúnjẹ nìyẹn, àríyànjiyàn tirẹ̀ sì yàtọ̀.

Níbo wá ni pàǹtírí ti ń di agbára láìsí ariwo? Níbi tí iṣẹ́ ti kó o jọ tán. Ní Mauritius, ìrèké fúnra rẹ̀ ló ń wá sí ilé-iṣẹ́ ṣúgà. Pàǹtí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún omi rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi tan iná fún ìlú láti ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ìyá wa tó ń fún epo mọ èyí tipẹ́: ìhá àti èèpo ekùrọ́ ni wọ́n fi ń se ẹyìn. Ibùdó gàrí náà rí bẹ́ẹ̀. Èèpo ti wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì, òórùn rẹ̀ ń yọ aládùúgbò lẹ́nu, omi rẹ̀ sì ń ṣàn lọ sódò.

Omi tó ba ti iná jẹ́ kò ba ti táńkì jẹ́. Nínú táńkì tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ èèpo, wọ́n sì ń tú gáàsì mẹ́tẹ́ènì jáde. Èèpo nìkan máa ń kan jù, májèlé inú ẹ̀gẹ́ sì lè dẹ́kun iṣẹ́ wọn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹran. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, ní ibùdó Songhai tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, wọ́n ń fi pàǹtírí oko àti ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì, ohun tó kù nínú táńkì sì ń padà lọ sí oko gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Ilẹ̀ kò pàdánù ìpín tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí la ó fi gáàsì náà ṣe? Kúbíìkì mítà kan rẹ̀ ní ooru tó tó nǹkan bí yúnítì mẹ́fà. Bí a bá gbé e gba inú jẹnẹrétọ̀, nǹkan bí yúnítì méjì péré ló máa jáde bí iná mànàmáná. Ìyókù á gba ibi ooru ẹ̀rọ lọ. Nígbà kan náà, obìnrin tó ń yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń ra igi ìdáná, èéfín sì ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Èrò mi ni pé abẹ́ agbada ni kí gáàsì yẹn kọ́kọ́ lọ. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kó gbé ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n ṣì ń fi dísù wà lónìí.