Àwọn Tó Kọ́kọ́ Kọ́ṣẹ́ Ìwé Ìròyìn

Ní Adó-Àwáyè níbí, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí jù: "Ẹ̀gbọ́n, báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn?" Ẹ jẹ́ ká dé Abẹ́òkúta ná.

Ní 1854, Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere ìjọ CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ níbẹ̀. Kò tíì sí ìwé ìròyìn kankan nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ kọ́ níṣẹ́: bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ó tó ọdún márùn-ún kí Ìwé Ìròhìn tó jáde, ní 1859. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Kí ló wà nínú rẹ̀? Ta ló kú, ta ló ṣèrìbọmi, èló ni wọ́n ń ta òwú, ìjòyè wo ló rìnrìn àjò. Ọ̀rọ̀ àdúgbò ni.

Ní 1867, rògbòdìyàn lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú, ìwé náà sì dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, àbúrò, má dúró de kámẹ́rà olówó ńlá. Gbé fóònù ẹ, lọ sọ́jà, béèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́sẹ̀ yìí. Bi ẹni méjì kó o tó kọ ọ́. Kọ orúkọ wọn bó ṣe yẹ. Tí àwa fúnra wa ò bá kọ ìròyìn Adó-Àwáyè, òkè àti adágún omi orí ẹ̀ nìkan ni wọ́n á máa fi mọ̀ wá.

Ó dìgbà kan ná.